Ta ló rọ ọ́, ta ló tún un ṣe? Bí a ṣe ń yẹ àmì-ẹ̀yẹ ológun Yugosláfíà wò

Adé-Ìràwọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Àmì-ẹ̀yẹ mẹ́ta ti Yugosláfíà, orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ti tú ká, ló wà nílẹ̀, mo sì fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wọ́n wò kí owó tó jáde lápò.

Àkọ́kọ́ ni Orden partizanske zvezde, ìyẹn Ìràwọ̀ Pátísánnì, ìpele kẹta. Ọ̀pá oníyìípo àti nọ́ọ̀tì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ “IKOM ZAGREB” sí i, nọ́ńbà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tà á sọ pé Mọ́síkò ni wọ́n ti rọ ọ́ lọ́dún 1944. Ìwé ẹ̀rí kan bá a wá, ọdún 1949 ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì kọ “sa puškama” síbẹ̀. Nọ́ńbà inú ìwé àti ti ẹ̀yìn ìràwọ̀ bára mu.

Èkejì ni Idì Funfun, tí àwọn ará Sẹ́bíà ń pè ní Beli orao, ìpele karùn-ún, ó ní idà méjì lábẹ́ adé. Ẹ̀kẹta ni Orden jugoslovenske krune, ìyẹn Adé Yugosláfíà, ìpele karùn-ún. Òǹtẹ̀ kékeré kan wà lára òrùka tí a fi so èyí kọ́, ó jọ orí obìnrin.

Ibo ni kí ojú kọ́kọ́ lọ?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ẹ̀yìn ni. Iwájú ni gbogbo ènìyàn ń nù tí wọ́n ń dán, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Kí ẹ tó dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ ya ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin lọ́kàn yín: ara rẹ̀ gan-an, nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí a fi ń kọ́ ọ mọ́ aṣọ, àti ìwé tàbí àpótí tó bá a wá. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè ti ibi mẹ́rin wá, ní ìgbà mẹ́rin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn rí òótọ́ lára ọ̀kan, ó wá fi gbogbo ìyókù sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì, fún àpẹẹrẹ: òun ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, òun ni wọ́n sì rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò. Nọ́ọ̀tì tó tọ̀nà kò fi ìdí ara múlẹ̀, nọ́ọ̀tì tí kò tọ̀nà kò sì sọ ara di ayédèrú.

Ní ti ẹni tó rọ ọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1943 ni ilé-iṣẹ́ àṣẹ àgbà àwọn Pátísánnì, ìyẹn àwọn jagunjagun Tito nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dá Ìràwọ̀ Pátísánnì sílẹ̀, pẹ̀lú Orden narodnog oslobođenja (ti ìdáǹdè orílẹ̀-èdè), Orden bratstva i jedinstva (ti ìfẹ́ ará àti ìṣọ̀kan), Orden za hrabrost (ti ìgboyà) àti mẹ́dàlì ìgboyà. Inú igbó àti orí òkè ni wọ́n wà nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ilé ìrọwó ìjọba Sófíẹ̀tì ló ṣe àwọn àkọ́kọ́ fún wọn. Èyí tó bá ti ibẹ̀ wá máa ń gbé ọ̀rọ̀ méjì lẹ́yìn: МОНЕТНЫЙ ДВОР, ìyẹn “ilé ìrọwó”. Ẹ wo lẹ́tà Ы àti Й dáadáa. Èdè Rọ́ṣíà ló ní wọn, kò sí wọn nínú álífábẹ́ẹ̀tì Sẹ́bíà rárá. Sẹ́bíà ní tirẹ̀ ní Ђ, Ј, Љ, Њ, Ћ àti Џ, tí Rọ́ṣíà kò ní. Ẹni tí kò gbọ́ èdè méjèèjì lè fi lẹ́tà wọ̀nyí nìkan mọ ìyàtọ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1948 ni Tito, olórí Yugosláfíà, àti Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, tú ká. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó kan Mọ́síkò mọ́ nínú ṣíṣe àmì-ẹ̀yẹ Yugosláfíà. Ilé ni iṣẹ́ náà wà: ilé-iṣẹ́ IKOM nílùú Zagreb, àti ilé ìtẹ̀wó ìjọba ní Topčider nílùú Belgrade, Zavod za izradu novčanica, tí àwọn olùkójọ ń gé kúrú sí ZIN.

Nítorí náà, ìràwọ̀ tó ní “IKOM ZAGREB” lẹ́yìn kò ti Mọ́síkò wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ń tà á ló wọ́. Ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ lè dára. Ẹ má jẹ́ kí irọ́ ọlọ́jà mú yín sọ irin nù.

Ọ̀kan ṣì kù níbẹ̀. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ń sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́, kì í sọ ìgbà tí wọ́n fún ènìyàn. Àmì-ẹ̀yẹ ń wà nínú àpótí ìpamọ́, wọ́n sì lè mú un jáde lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Òdìkejì ni kò ṣeé ṣe: ẹ kò lè fún ènìyàn ní ohun tí wọn kò tíì rọ. Èyí tí kò bá sì ní orúkọ lẹ́yìn rárá, ẹ kọ “kò lórúkọ”, ẹ má fi tipátipá lé ilé-iṣẹ́ kankan lórí i.

Balógun Ìwé

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ ti wí ti irin, ẹ jẹ́ kí n wí ti ìwé, nítorí ìwé yẹn kò dùn mọ́ mi.

Títí di 1961, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe ìpele Ìràwọ̀ Pátísánnì: kìíní, kejì, kẹta. Òfin àmì-ẹ̀yẹ ọdún 1961 ló yí orúkọ wọn padà. Ìpele kìíní di “sa zlatnim vencem”, aládé-ewé wúrà. Ìkejì di “sa srebrnim vencem”, aládé-ewé fàdákà. Ìkẹta di “sa puškama”, oníbọn. Ìwé tí ó ní ọdún 1949 lórí tí ó sì ń sọ “sa puškama” ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì máa sọ nígbà náà. Ohun tí ẹ ó bá nínú ìwé 1949 tòótọ́ ni “III reda”, ìpele kẹta.

Ohun mìíràn tí ẹ ó wò nínú ìwé nìwọ̀nyí:

Orúkọ orílẹ̀-èdè. FNRJ (Yugosláfíà Olómìnira Àpapọ̀ ti Àwọn Ènìyàn) ni láti òpin 1945 títí di oṣù kẹrin 1963. SFRJ (Yugosláfíà Olómìnira Àpapọ̀ ti Sósíálísìtì) ni lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ọdún 1958 tó kọ SFRJ, ẹ dá a padà.

Ẹni tó fi àṣẹ sí i. Ṣáájú 1953, Prezidijum Narodne skupštine, ìgbìmọ̀ olórí ilé aṣòfin, ló ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ. Oṣù kìíní ọdún 1953 ni Tito di Ààrẹ orílẹ̀-èdè, orúkọ ipò Ààrẹ ló sì wà lókè ìwé láti ìgbà náà. Tí ẹ bá rí “Predsednik Republike” (Ààrẹ Orílẹ̀-èdè) lórí ìwé 1949, ó ti parí nìyẹn.

Orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Oṣù kejìlá 1951 ni wọ́n tó fi “narodna” (ti àwọn ènìyàn) kún un tí ó fi di JNA, ìyẹn Jugoslovenska narodna armija. Ọdún 1951 yẹn náà ni wọ́n dá Orden za vojne zasluge (ti iṣẹ́ ológun rere) àti Orden JNA sílẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ìkankan nínú méjèèjì ní 1947.

Àti ògùṣọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ọmọdé lè kà á. Ògùṣọ̀ márùn-ún ló ń jó papọ̀ nínú àmì orílẹ̀-èdè náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1963, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́fà, kí ó lè bá iye orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú àjọṣe náà mu. Ẹ wá a níbikíbi tí àmì náà bá wà: lórí ìwé, lórí ìdérí àpótí, lára irin. Ẹ má fi ọjọ́ tó wà lórí rìbọ́ọ̀nù ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí o. “29. XI 1943” ló wà nínú ti márùn-ún àti ti mẹ́fà, ọjọ́ ìpàdé ìlú Jajce tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ Yugosláfíà tuntun lélẹ̀ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ohunkóhun.

Àpótí ògùṣọ̀ mẹ́fà pẹ̀lú ìràwọ̀ tí wọ́n fúnni ní 1946? Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló gba àpótí tuntun nígbà tí ti àtijọ́ gbó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe san owó “pípé pẹ̀lú àpótí” lórí rẹ̀.

Ìyá Onífàdákà

Ẹ ṣeun, Balógun. Èmi á mú àwọn ti ayé ọba.

Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló ń ṣe púpọ̀ nínú àmì-ẹ̀yẹ Sẹ́bíà àti ti ìjọba ọba Yugosláfíà: G. A. Scheid ní Vienna, Arthus Bertrand ní Párísì, Huguenin Frères ní Le Locle ní Switzerland. Nítorí náà, òǹtẹ̀ fàdákà orílẹ̀-èdè wọn ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, kì í ṣe ti Belgrade. Ibi tí ẹ ó ti wá a ni òrùka ìsokọ́, ẹ̀gbẹ́ adé, àti etí ìsàlẹ̀ àgbélébùú.

Orí obìnrin tí Adé-Ìràwọ̀ rí yẹn, orí Diana, òrìṣà obìnrin àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni. Òǹtẹ̀ Ọ́síríà ni, wọ́n lò ó láti 1867 títí di 1922. Nọ́ńbà kan wà níwájú ojú rẹ̀: 1 túmọ̀ sí fàdákà 950, 2 sí 900, 3 sí 800, 4 sí 750. Lẹ́tà A túmọ̀ sí Vienna. Ti Faransé nígbà náà ni orí ìmàdò fún ohun kékeré tí wọ́n yẹ̀ wò ní Párísì, tí fàdákà rẹ̀ kò dín sí 800. Alákàn ni fún àwọn ìlú yòókù. Orí idì sì ni ti wúrà. Àmì ẹni tó ṣe é máa ń wà nínú àpótí kékeré tó rí bíi dáyámọ́ńdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó dáa. Oṣù kẹrin ọdún 1930 ni Ọba Alexander dá Adé Yugosláfíà sílẹ̀. Òǹtẹ̀ Diana ti parí iṣẹ́ ní 1922. Báwo ni ọmọ ṣe máa ní aṣọ tí wọ́n ti dẹ́kun rírán ní ọdún mẹ́jọ kí a tó bí i? Òrùka yẹn kì í ṣe ti àgbélébùú Adé Yugosláfíà yẹn. Òrùka tó ní òǹtẹ̀ ń jẹ́rìí sí òrùka nìkan. Mo tún un sọ nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn ń fi òǹtẹ̀ òrùka sọ orúkọ gbogbo ara. Kí ẹ tó gbà á, ẹ wá òǹtẹ̀ kejì lára ìkọ́ adé tàbí lára àgbélébùú fúnra rẹ̀.

Èyí kò sọ àgbélébùú di ayédèrú. Òrùka máa ń já, wọ́n á sì fi èyí tó bá wà nítòsí rọ́pò. Ẹ wo ẹnu ibi tí òrùka ti pàdé: ti ilé-iṣẹ́ máa ń bára dé gẹ́gẹ́, èyí tí wọ́n fi pílásì ṣí máa ń ní ojú eyín pílásì lára, ẹnu méjèèjì á sì yà díẹ̀.

Ní ti Idì Funfun tó ní idà, ẹ yí i padà kí ẹ sọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa. Ọba Milan ló dá a sílẹ̀ ní 1883, àmì orúkọ rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn àwọn ti ìgbà Obrenović, ìdílé rẹ̀. Ní 1903, ìdílé Karađorđević gba ìtẹ́, àmì Milan sì kúrò. Idà kò tíì sí nínú gbogbo èyí. 1915 ni wọ́n tó fi idà kún Idì Funfun fún iṣẹ́ ogun.

Àbúrò Sákáníà

Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa, ṣé ẹ̀rọ tàbí oògùn kankan wà tí a lè fi mọ̀ nílé bóyá fàdákà ni irin kan? Mo ń bẹ̀rù láti fi oògùn rà á lára.

Ìyá Onífàdákà

Ẹ bẹ̀rù rẹ̀ dáadáa, àbúrò. Oògùn olómi kíkan yẹn máa ń fi àpá sílẹ̀ títí láé, ó sì ń jẹ etí ẹnámẹ́ẹ̀lì. Omi lásán tó.

Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ wọn àmì-ẹ̀yẹ náà ní gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ife omi lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ bọ́tìnì kí ó padà sí òdo. Ẹ fi òwú tín-ínrín so àmì-ẹ̀yẹ, ẹ ri gbogbo rẹ̀ sínú omi, ṣùgbọ́n kí ó má kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn jáde. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà báyìí, òun ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n gbígbẹ. Bí gbígbẹ bá jẹ́ 20.60, tí ti inú omi sì jẹ́ 2.00, 10.3 ni ẹ ó rí, ó súnmọ́ fàdákà 925. Bí ti inú omi bá jẹ́ 2.42, 8.5 ni: idẹ tí wọ́n fi fàdákà bò ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ohun tí kò ní ẹnámẹ́ẹ̀lì nìkan ni ìṣirò yìí bá mu. Dígí ni ẹnámẹ́ẹ̀lì, ó fúyẹ́, bí ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ti omi ni. Fàdákà 925 tí ìdá kan nínú mẹ́rin ara rẹ̀ bá jẹ́ ẹnámẹ́ẹ̀lì máa jáde ní nǹkan bí 8.4, bí ẹni pé idẹ ni. Ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ rere ni wọ́n ti pè ní ayédèrú nítorí ìṣirò yìí. Bákan náà, ẹyọ tó ní ẹnámẹ́ẹ̀lì tó ti fọ́, ẹ má rì í sínú omi rárá. Omi á gba ibi tó fọ́ wọ abẹ́, irin á pọ́n tàbí kó dúdú lábẹ́ ibẹ̀, ẹnámẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Awò Mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí n gba ti ẹnámẹ́ẹ̀lì, kí n sì gba ti nọ́ńbà.

Ẹnámẹ́ẹ̀lì gidi, dígí ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n tò sínú ihò irin, tí wọ́n wá yọ́ nínú ààrò tó gbóná ju 700 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì lọ. Tí ó bá fọ́, bí ìgò ló ń fọ́: etí rẹ̀ á mú, ojú ibi tó fọ́ á máa dán. Àtúnṣe tí wọ́n fi rẹ́sìnnì tàbí ọ̀dà èékánná ṣe máa ń rí wúruwùru létí, ó sì máa ń gun orí etí irin kọjá ààyè rẹ̀. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá tẹ̀ lé etí irin náà yí ká. Ibi tí pupa bá ti kọjá ìlà, ibẹ̀ ni ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́.

Ẹ gbé e sábẹ́ iná àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó bébà wò. Rẹ́sìnnì sábà máa ń tàn funfun tàbí yẹ́lò, ibi tó kù á sì dúdú. Tí kò bá tàn, kò túmọ̀ sí pé ó mọ́, àwọn rẹ́sìnnì kan kì í tàn. Nígbà náà, ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan ibi kọ́lọ́fín kan pẹ̀lẹ́: dígí kò ní gbà á, rẹ́sìnnì á jẹ́ kí ó wọlé bí ìda. Asẹ́tóònì, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, máa ń sọ òótọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ń ba ohun tí kì í ṣe tiyín jẹ́. Ẹni tó ń ta ọjà kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nọ́ńbà ńkọ́? Ohun mẹ́ta.

Ọ̀kan, sísanra. Ẹni tó bá fẹ́ yí nọ́ńbà padà gbọ́dọ̀ fi fáìlì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, irin kò sì ní dàgbà padà. Ẹ fi kálípà wọn sísanra níbi nọ́ńbà, ẹ tún wọn ọ̀gangan rẹ̀ lápá kejì, níbi tí iwájú rẹ̀ jọra. Kí ìyàtọ̀ má ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà lọ. Ìràwọ̀ ní apá tó dọ́gba márùn-ún, ó rọrùn láti fi apá kan wé òmíràn.

Èkejì, iná ẹ̀gbẹ́. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ojú irin. Kòtò tí ọwọ́ kò mọ̀ yóò yọ òjìji. Òjìji nọ́ńbà àtijọ́ náà máa ń yọ nígbà mìíràn, nítorí pé irin tí wọ́n lù mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ nọ́ńbà le ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo inú àwọn ìlà nọ́ńbà. Nọ́ńbà tó ti wà láti ìgbà pípẹ́ máa ń ní ìdọ̀tí dúdú kan náà bíi ti àwọn kọ̀rọ̀ lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dúdú nínú tí nọ́ńbà sì ń dán, ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba.

Ọgbọ́n kan náà ni ti omi wúrà. Ẹ wá ojú ibi tó ti ha. Tí wúrà bá wà nínú kòtò ibi tó ha náà, a jẹ́ pé lẹ́yìn tó ti ha ni wọ́n tó fi wúrà bò ó. Wúrà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti parẹ́ níbi gíga, kí ó sì kù síbi jíjìn. Èyí tó bá mọ́ bákan náà lókè nílẹ̀ ti padà lọ inú omi wúrà.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Awò ti tán án. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá oníyìípo kún un, torí ibẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ ti ń gba àtúnṣe jù.

Ọ̀pá ló kọ́kọ́ wà lẹ́yìn wọn, abẹ́rẹ́ ìkọ́ ni wọ́n lò nígbà tó yá. Ọ̀pá ń lu aṣọ ní ihò gbàgà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ló gbé e lọ sọ́dọ̀ onífàdákà àdúgbò kí ó gé ọ̀pá kúrò kí ó jó abẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ní òde òní, àwọn kan ń ṣe òdìkejì: wọ́n ń gé abẹ́rẹ́ kúrò, wọ́n ń jó ọ̀pá tuntun mọ́ ọn, nítorí pé àwọn olùkójọ ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí tó ní ọ̀pá.

Lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, ló ń tú àṣírí méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ lè fi lẹ́ẹ̀dì líle onífàdákà jó ọ̀pá mọ́ irin kí ẹnámẹ́ẹ̀lì tó wọ ọ́. Irú lẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ fẹ́ iná tó ju 600 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é lẹ́yìn tí ẹnámẹ́ẹ̀lì ti wà níwájú kò lè lo iná yẹn, ẹnámẹ́ẹ̀lì á sán. Lẹ́ẹ̀dì rírọ̀, tó ń yọ́ ní nǹkan bí 183 sí 190, ni yóò lò. Èyí sì máa ń dúró bí eérú: ó rí rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ gbọ̀ngbọ̀n yí ìdí ọ̀pá ká, èékánná lè fi àmì sí i lára. Ti líle máa ń tín-ínrín, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti irin mu. Ẹ tún wá àpá yíyípo tàbí àpá méjì kéékèèké níbi tí ìdè abẹ́rẹ́ ti wà rí.

Nọ́ọ̀tì tó bá ti há, ẹ má fi pílásì yí i. Ọ̀pá á já nídìí. Ẹ kán epo fẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sí i, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ fi ìka yí i síwájú díẹ̀ kí ẹ tó yí i sẹ́yìn.

Tí ẹ bá sì fura pé dídà ni wọ́n da gbogbo ara rẹ̀, ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn tó dájú. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ẹyọ gidi ṣe máa ń sún kì tó bá tutù, ní nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ohun tó fẹ̀ tó 42 mìlímítà, ìyẹn á sún mọ́ ìdajì mìlímítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, kálípà á rí i. Ihò ẹnu abẹ́rẹ́ kéékèèké á tún wà láàárín lẹ́tà, etí lẹ́tà á sì rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò.

Adé-Ìràwọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wọn gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná.

Ìràwọ̀: sísanra apá mẹ́rin tí kò ní nọ́ńbà wà láàárín 1.83 sí 1.86 mìlímítà. Apá tó ní nọ́ńbà jẹ́ 1.64. Tọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ fi kòtò gígùn kan hàn. Inú lẹ́tà IKOM dúdú, inú nọ́ńbà ń dán. Ìdí ọ̀pá tín-ínrín, kò sí lẹ́ẹ̀dì eérú. Ẹnámẹ́ẹ̀lì kò tàn lábẹ́ iná àlùkò, etí rẹ̀ mọ́.

Idì: àmì orúkọ Milan ló wà lẹ́yìn. Òrùka kò ní òǹtẹ̀ kankan, ó ní ojú eyín pílásì. Òǹtẹ̀ Diana wà lára ìkọ́ adé, ó ní A. Wúrà wà nínú ibi tó ha lára idà àti lára adé.

Adé Yugosláfíà: òrùka Diana, ẹnu rẹ̀ yà. Kò sí òǹtẹ̀ mìíràn lára rẹ̀. Ẹnámẹ́ẹ̀lì pé.

Awò Mẹ́wàá

Nígbà náà, ìràwọ̀ jẹ́ ti IKOM gidi, ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ẹnámẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́wàá mìlímítà ló sọnù níbi nọ́ńbà. Wọ́n pa nọ́ńbà rẹ́, wọ́n kọ òmíràn kí ó lè bá ìwé mu.

Balógun Ìwé

Ìwé tí òun náà kò sì tọ̀nà. Iṣẹ́ méjì ni ẹnì kan ṣe kí ọ̀kan lè gbé èkejì ró. Ó dùn mí, nítorí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ni okùn kan ṣoṣo tó so ìràwọ̀ mọ́ ẹni tó ja ogun náà.

Ìyá Onífàdákà

Idì náà dùn mí jù. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ti Milan, òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Vienna, méjèèjì bára mu: iṣẹ́ àtijọ́ tó dára tí kò nílò ohunkóhun. Idà tí wọn kò tíì dá sílẹ̀ títí di 1915 kò lè bá a wáyé. Ẹnì kan já ìsopọ̀ adé, ó ti idà bọ àárín, ó wá fi omi wúrà bo gbogbo òkè kí àwọ̀ lè dọ́gba. Ó sì jọ pé òrùka Diana tó wà lára Adé Yugosláfíà jẹ́ ti idì yìí. Ẹ wọn fífẹ̀ àti sísanra òrùka náà, kí ẹ wò ó bóyá ó wọ ìkọ́ adé idì geere.

Àbúrò Sákáníà

Ṣé kí ó yọ idà náà kúrò, kó dá òrùka padà?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Òrùka, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá wọ̀ ọ́ geere. Ọwọ́ lásán àti pílásì tí a fi awọ wé lẹ́nu ni, kì í ṣe iná. Ẹ yí ẹnu òrùka sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan síwájú ọ̀kan sẹ́yìn, ẹ má fà á ya bí ẹnu. Ẹ ya fọ́tò ṣáájú.

Idà, rárá. Ẹni tó bá tún gbé iná súnmọ́ adé yẹn yóò sán ẹnámẹ́ẹ̀lì funfun tó ti la ọgọ́rùn-ún ọdún já. Ìyá wa, ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Onífàdákà

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ fi idà sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé àfikún ni. Ẹ má fi nǹkan kan dán an, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín, kì í ṣe oògùn ìdánrin. Aṣọ òwú gbígbẹ nìkan.

Lórí owó: Adé Yugosláfíà ni kí ẹ sanwó fún ní kíkún, kí ẹ yọ owó òrùka. Idì, ẹ san owó èyí tí kò ní idà, kí ẹ dín in kù nítorí omi wúrà. Ìràwọ̀, owó èyí tí kò ní nọ́ńbà tí kò sì ní ìwé.

Balógun Ìwé

Kí ẹ sì gba ìwé 1949 yẹn náà, bí ó bá fi í kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kọ “kò bá ìgbà mu, 1961” sí ẹ̀yìn àpò ìwé tí ẹ bá fi sí, kì í ṣe sára ìwé. Tí ó bá padà sọ́jà láìsí àlàyé, ẹlòmíràn ló máa rà á tẹ̀ lé e.

Adé-Ìràwọ̀

Òrùka fẹ̀ ní mìlímítà 12.1 nínú, ó sì sanra ní 1.4. Ihò ìkọ́ adé idì gba 1.5. Ihò Adé Yugosláfíà gba 1.9, ìdí nìyẹn tí òrùka yẹn fi ń mì níbẹ̀. Mo ti fi gbogbo iye wọ̀nyí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú fọ́tò iná ẹ̀gbẹ́.